Ẹ wá ohun tó pa á kẹ́ ẹ tó tú u: bá a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì típà 911 ṣe fúnra ẹni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 911 ti Mercedes tàbí tẹ́ ẹ̀ ń wà á, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí owó tá à ń sin sórí ẹ́ńjìnnì yìí ti pọ̀ jù. Èmi ti tú ẹ́ńjìnnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù márùn-ún rí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ra písítìnì, ríìngì tó yí i ká, sílíìfù tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀ àti bíárìn tó ń gbé kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀ tuntun, mo tò ó, ó dún dáadáa, inú mi dùn. Kò pẹ́ tí èéfín búlúù tún bẹ̀rẹ̀ tó sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi. Nígbà tí mo tún tú u, ríìngì òkè pátápátá ti tínrín, etí ẹ̀ mú bí abẹ. Mo wá ki ìka bọ inú páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti fíltà wọ ẹ́ńjìnnì, mo fi ìka méjì ra ohun tó bá mi jáde, ó ń ta gíẹ́gíẹ́ bí yanrìn inú ẹ̀wà tá ò ṣà dáadáa. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó so fíltà mọ́ ẹ́ńjìnnì ti sán lábẹ́, níbi tójú ò tó, a sì ń kó òkúta lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta nígbà yẹn, ẹ̀yin náà mọ bí eruku ibẹ̀ ṣe rí. Eruku ló pa ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Písítìnì tuntun kì í ṣe oògùn eruku.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí fi dá lórí ọ̀rọ̀ kan: ẹ mọ ohun tó pa á kẹ́ ẹ tó náwó.

Ẹ́ńjìnnì tí mò ń sọ ni OM352 ti Mercedes, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ 911 tó ń gbé yanrìn, pákó àti màálù káàkiri ọ̀nà wa. Sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀ léra, fífẹ̀ ẹ̀ 97 mm, bí písítìnì ṣe ń lọ sókè sódò jẹ́ 128 mm, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5.7. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan, kò ní sensor, gbogbo ohun tó ń ṣe lẹ lè fojú rí tàbí kẹ́ ẹ fi géèjì wọ̀n, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé kọ́ ṣe fún ẹni tó bá ní sùúrù. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì míì lẹ ní, Mack, MAN tàbí DAF, ìlànà ẹ̀ ò yàtọ̀, àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀ yàtọ̀, ẹ wá ìwé tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sípánà

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mèyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni típà tó ń rú èéfín. Èéfín dúdú sábà máa ń jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó lè jẹ́ pé nozzle, ẹnu tó ń fọ́n epo wọ sílíńdà, ń da epo dípò kó fọ́n ọn, ó lè jẹ́ fíltà afẹ́fẹ́ tó ti dí, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣí injector pump (pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ sí nozzle) sílẹ̀ jù kó bàa lè lágbára. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ tú ẹ́ńjìnnì rárá. Èéfín funfun tó ń ta lójú ní àárọ̀ tó sì lọ tó bá gbóná, ẹ wo nozzle àti tímìn ẹ̀, ìyẹn àsìkò tó ń fọ́n epo. Tó bá jẹ́ funfun tí ò lọ tí omi radiétọ̀ sì ń dín kù, omi ti ń wọlé, ẹ wo top gasket (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀) tàbí orí ẹ́ńjìnnì. Búlúù ni ọ́ìlì, ó lè gba ọ̀dọ̀ ríìngì, ó sì lè gba ọ̀dọ̀ fáàfù.

Ẹ jẹ́ kó gbóná, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí ibi tá a ti ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ wá gbé e lé ihò yẹn láìdè é. Tó bá ń fò tó ń jó, tí èéfín sì ń tú jáde bíi ti ọkọ̀ ojú irin, iná ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá lọ sísàlẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣí radiétọ̀, kẹ́ ẹ stáàtì, kẹ́ ẹ wo omi: tí afẹ́fẹ́ bá ń hó jáde nínú ẹ̀ láìdúró, iná ti ń wọ inú omi. Ẹ má ṣí radiétọ̀ tó gbóná o, mo mọ ẹni tí omi yẹn bó lójú.

Tẹ́ ẹ bá lè rí géèjì compression ti dísẹ́ẹ̀lì (èyí tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀) yá, ẹ lò ó. Ti epo bẹtiróòlù máa bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí dísẹ́ẹ̀lì tó ṣì lágbára máa ń lé ní 20 bar. Ojú ihò nozzle lẹ ti máa so ó mọ́. Ohun tí mo máa ń wò jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín sílíńdà sí sílíńdà. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá lọ sílẹ̀ bákan náà, ẹ́ńjìnnì ti gbó tàbí eruku ti jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló lọ sílẹ̀, àìsàn kan pàtó ló ń ṣe é. Tó bá jẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, top gasket ló jóná láàárín wọn, ẹ máa gbàdúrà pé kó jẹ́ èyí.

Ohun tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ yọ fíltà ọ́ìlì, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé bébà inú ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì jẹ́ irin, ríìngì, gíà tàbí kíráńkì. Ohun tó ń dán tí ò lẹ̀, tó pọ́n bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, bíárìn ló ti jẹ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Èyí tó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́ alumíníọ̀mù, písítìnì ni. Bébà yẹn máa sọ fún yín bóyá ìdajì ẹ́ńjìnnì lẹ máa ṣe àbí gbogbo ẹ̀, láìná kọ́bọ̀ kankan.

Gbígbé e sọ̀kalẹ̀ àti títú u

Ẹ́ńjìnnì yìí lé ní 400 kìlò, ẹ má lo okùn, ẹ má lo igi táa gbé lé orí àgbá méjì. Chain block tó dáa àti ibi tó le láti so ó mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé bọ́dì típà sókè kẹ́ ẹ tó lè ráyè ṣiṣẹ́, ẹ fi irin tàbí igi tó nípọn gbè é lábẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé hydraulic nìkan kẹ́ ẹ wá ki orí bọ abẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn ti kú bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra táìpù bébà àti bírò, ẹ máa kọ nọ́ńbà sí gbogbo nǹkan. Fóònù yín ni kẹ́ ẹ fi ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú páìpù kọ̀ọ̀kan. Kọ́nrọ́ọ̀dù (apá irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) àti ìdérí ẹ̀ jọ ní nọ́ńbà kan náà lára, wọn ò gbọdọ̀ pàdánù ara wọn láé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdérí main bíárìn mẹ́jèèje. Pushrod mẹ́jìlá, àwọn ọ̀pá tó ń ti rocker tó ń ṣí fáàfù, ẹ gún wọn sára páálí kan lẹ́sẹẹsẹ, torí wọ́n ti jọ jẹ ara wọn mọ́ra pẹ̀lú rocker tí wọ́n ń ti. Bíárìn àtijọ́ náà, ẹ má sọ wọ́n sígbó, ẹ tò wọ́n sórí pákó bí wọ́n ṣe jáde, ẹ kọ "1 òkè, 1 ìsàlẹ̀" sí i lẹ́yìn. Òkú yẹn máa sọ̀rọ̀.

Ohun tí òkú ń sọ

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù rèé, àwọn mẹkáníìkì wa sì máa ń sáré kọjá níbẹ̀ torí pé oníbàárà ń dúró.

Ẹ kó bíárìn sójú ìmọ́lẹ̀. Tí ojú ẹ̀ bá ní ìlà tó jin tó lọ yíká, eruku tàbí irin ló kọjá nínú ọ́ìlì, ẹ wá ibi tó ti wọlé. Tó bá dán tó sì gbẹ bíi pé wọ́n fi aṣọ nù ún, ọ́ìlì ò débẹ̀ tó, ẹ wo pọ́ǹpù ọ́ìlì, páìpù tó ń fà á àti bóyá ọ́ìlì lọ sílẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ apá kan ẹ̀ nìkan ló jẹ, kọ́nrọ́ọ̀dù ti wọ́ tàbí kíráńkì ò yípo déédéé mọ́. Tó bá ní ihò wẹ́wẹ́wẹ́, ẹ fura sí ọ́ìlì tó ti kíkan tàbí tí dísẹ́ẹ̀lì ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wo sílíńdà. Ẹ ó rí etí kan tó yọ lókè pátá níbi tí ríìngì ò dé, ẹ fi èékánná yín gùn ún. Eruku tó wọ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ òkè sílíńdà ju ìsàlẹ̀ lọ, á sì jẹ ríìngì òkè tínrín ju àwọn tó kù lọ. Eruku tó wà nínú ọ́ìlì máa ń jẹ ìsàlẹ̀ àti bíárìn. Ẹ fi géèjì wọn sílíńdà ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n ní gígùn ẹ́ńjìnnì àti ní ìbú ẹ̀, ká ní mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi ni pé tí ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ bá ti tó 0.20 mm, ríìngì tuntun nìkan ò lè gbà á, owó yín máa ṣòfò, ẹ lọ bore ẹ̀ (kí wọ́n gbẹ́ ihò ẹ̀ fẹ̀ sí i) tàbí kẹ́ ẹ fi sílíìfù sí i.

Ẹ wo orí písítìnì. Ibi tó bá jóná tàbí tó yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nozzle sílíńdà yẹn ló ń tọ̀ bí ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá ra písítìnì tuntun tẹ́ ẹ sì dá nozzle yẹn padà, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bore ẹ́ńjìnnì

Ẹ ra písítìnì kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ gbé e dání, kí wọ́n wọn písítìnì fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó fi irin kan sílíńdà. Wọn ò gbọdọ̀ fi ohun tí wọ́n kọ sára páálí ṣiṣẹ́. Sílíìfù ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ èyí tó gbẹ, omi ò kàn án, torí náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé ṣe pàtàkì gan-an, tí àyè bá wà lẹ́yìn ẹ̀ ooru ò ní rí ọ̀nà jáde, písítìnì á há. Tó bá jẹ́ irú tí wọ́n ò tíì bore tán ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé ni kí wọ́n tó bore ẹ̀, kí wọ́n sì parí ẹ̀ pẹ̀lú hone, òkúta ìlọ̀ tó máa fi ìlà tó kọjá ara wọn sílẹ̀ bí ìlà àwọ̀n. Ìlà yẹn ló ń di ọ́ìlì mú. Sílíńdà tó ń dán bí dígí ò dáa.

Kíráńkì, 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 mm ni wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ wọlé, bíárìn ẹ̀ á sì bá nọ́ńbà yẹn mu. Ẹ sọ fún wọn tẹnu tẹnu pé kí igun tí ibi yíyí ẹ̀ ti pàdé ògiri ẹ̀ jẹ́ róbótó. Tí wọ́n bá fi igun yẹn sílẹ̀ ní ṣóńṣó, ibẹ̀ ni kíráńkì ti máa ń dá, ó lè pẹ́ díẹ̀ àmọ́ á dá. Lẹ́yìn ìlọ̀, kí wọ́n fọ ihò ọ́ìlì inú kíráńkì pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì, torí èérí irin ìlọ̀ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Orí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan fún sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gùn, ó sì rọrùn fún un láti tẹ̀ tó bá ti gbóná jù rí. Kí wọ́n fi omi àti afẹ́fẹ́ dán an wò bóyá ó ti sán kí wọ́n tó lọ ojú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ láìwọ̀n, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ni fáàfù ń sún mọ́ písítìnì.

Ọ̀rọ̀ ríra ọjà: bóyá Gate ní Ìbàdàn lẹ lọ ni o, bóyá Ládípọ̀ ní Mushin, feke wà níbi gbogbo. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò dání, ẹ wọn písítìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tí ọ̀kan bá fi gírámù tó pọ̀ wúwo ju àwọn yòókù lọ, ẹ dá a padà. Ẹ yí bíárìn padà, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkan náà.

Fífọ̀

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ sílíńdà. Dísẹ́ẹ̀lì àti kẹrosíìnì ò lè kó èérí hone jáde, wọ́n kàn ń tì í wọnú ìlà yẹn ni. Bùrọ́ọ̀ṣì, omi gbígbóná, ọṣẹ, ẹ máa fọ̀ ọ́ títí tẹ́ ẹ bá fi aṣọ funfun nù ún tí aṣọ yẹn á funfun síbẹ̀. Aṣọ mi kì í funfun ní ẹ̀ẹ̀kan, ó máa ń tó mẹ́rin márùn-ún. Bó bá ti gbẹ, ọ́ìlì lójú ẹsẹ̀, torí irin tuntun yẹn lè dípáta láàárín wákàtí kan tí ojú ọjọ́ bá rọ̀. Ẹ ṣí gbogbo plug ihò ọ́ìlì inú bùlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi wáyà gùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ sì má tò ó síta lójú eruku mọ́, ẹ wá inú ilé.

Títò ó

Ẹ̀yìn bíárìn gbọ́dọ̀ gbẹ, ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ìlì. Ẹ wò ó dáadáa kí ihò ọ́ìlì bíárìn àti ti bùlọ́ọ̀kù pàdé ara wọn. Plastigage, okùn ike kékeré yẹn, kò wọ́n, ẹ gé e lé ojú kíráńkì tó gbẹ, ẹ de ìdérí pẹ̀lú torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ ẹ fi dè é), ẹ má yí kíráńkì, kẹ́ ẹ wá tú u kẹ́ ẹ wọn bó ṣe tẹ̀ tó. Òfin àgbà ni pé kí àyè ọ́ìlì tó nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú kíráńkì yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ìdérí tẹ́ ẹ bá dè, ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì. Tó bá ti le lẹ́yìn ìdérí kẹrin, ìdérí kẹrin lẹ máa tú, ẹ ò ní máa wá ibi tó ti wá.

Ríìngì: ẹ fi sí inú sílíńdà ẹ̀ kẹ́ ẹ fi orí písítìnì tì í wọlé kó lè dúró gbọọrọ, kẹ́ ẹ wá fi feeler gauge, àwọn irin pẹlẹbẹ tínrín yẹn, wọn àlàfo ẹnu ẹ̀. Fún 97 mm, ohun tó sún mọ́ 0.40 mm ni mo máa ń fẹ́. Tó bá kéré jù, nígbà tó bá gbóná ẹnu ẹ̀ méjèèjì á pàdé, á sì dá, á ha sílíńdà tuntun. Ẹ fi fáìlì kékeré fá a díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ TOP sí, òkè ni. Ẹ pín ẹnu àwọn ríìngì yẹn káàkiri, kí ìkankan má tò lé ara wọn. Ọfà orí písítìnì, iwájú ẹ́ńjìnnì ló ń wò. Bọ́ọ̀tù kọ́nrọ́ọ̀dù, ẹ ra tuntun, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí, èyí tó bá já máa gbé ẹsẹ̀ kọ́nrọ́ọ̀dù gba ẹ̀gbẹ́ bùlọ́ọ̀kù jáde.

Gíà iwájú, ti kíráńkì, ti camshaft (ọ̀pá tó ń ti pushrod) àti ti injector pump, wọ́n ní àmì lára, àmì gbọ́dọ̀ bá àmì mu. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bò ó.

Top gasket, ẹ má fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Ojú irin mẹ́jèèjì gbọ́dọ̀ gbẹ, kó mọ́. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ omi àti ọ́ìlì jáde nínú ihò bọ́ọ̀tù, torí omi ò ṣeé fún pọ̀, tẹ́ ẹ bá de bọ́ọ̀tù lé e, bùlọ́ọ̀kù ló máa là. Àárín lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, kẹ́ ẹ máa yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele. Bọ́ọ̀tù orí ẹ́ńjìnnì yìí ju irú kan lọ, òmíì ń fẹ́ torque nìkan, òmíì ń fẹ́ torque kẹ́ ẹ tún wá yí i ní ìwọ̀n igun, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé fún irú tó wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ lò. "Fi agbára dè é" kì í ṣe ìwọ̀n.

Nozzle, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn calibration, àwọn tó ń dán nozzle wò tí wọ́n sì ń tún un ṣe, kí ó máa ṣí ní nǹkan bí 200 bar, kó sì fọ́n epo bí ìkùukùu. Wáṣà bàbà tuntun kan lábẹ́ ẹ̀. Ẹ wo inú ihò dáadáa bóyá èyí àtijọ́ ṣì lẹ̀ síbẹ̀, torí tó bá di méjì, ẹnu nozzle á sá sẹ́yìn, epo ò ní dé ibi tó yẹ.

Tápẹ́ẹ̀tì

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Àyè tó wà láàárín rocker àti fáàfù là ń wọ̀n: fáàfù intake tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.20 mm, fáàfù exhaust tó ń tú èéfín jáde, 0.30 mm. Bó ṣe ń jó tẹ̀ léra ni 1-5-3-6-2-4, ìyẹn sì ló máa jẹ́ kó rọrùn: sílíńdà 1 àti 6 jọ ń gòkè, 5 àti 2 jọ ń gòkè, 3 àti 4 jọ ń gòkè. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi rí i pé fáàfù méjèèjì sílíńdà 6 ń pààrọ̀ iṣẹ́, exhaust ń padé, intake ń ṣí, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ṣe ti sílíńdà 1. Lẹ́yìn náà ẹ yí i ní ìdá mẹ́ta yíyí kan, ti sílíńdà 2 ló máa máa pààrọ̀, ẹ ṣe ti 5. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Feeler gauge gbọ́dọ̀ máa wọ́ bíi bébà tó wà láàárín ojú ìwé tó wúwo, kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ yọ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá de nọ́ọ̀tì ẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, ó máa ń yí padà nígbà tá a bá dè é.

Ọjọ́ stáàtì

Kó tó kan stáàtì, ẹ gé pákó pẹlẹbẹ kan tó lè bo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ẹnìkan dúró tì í. Tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá sá lọ, ìyẹn ni pé tó ń yára sí i fúnra ẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, pípa kíì lè má dá a dúró, dídí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn ló máa dá a dúró. Ẹ má fi ọwọ́ dí i.

Ẹ da ọ́ìlì, ẹ da omi. Ẹ fa stop (èyí tá a fi ń pa ẹ́ńjìnnì) jáde kí epo má wọlé, kẹ́ ẹ fi stáàtà yí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí stáàtà sinmi, títí abẹ́rẹ́ géèjì ọ́ìlì á fi gbéra. Ẹ dá stop padà. Ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa dísẹ́ẹ̀lì, ẹ tú bọ́ọ̀tù kékeré orí fíltà dísẹ́ẹ̀lì títí epo tó ń jáde ò fi ní hó mọ́, ẹ dè é, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù nozzle méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yí i títí epo á fi máa tọ́ jáde níbẹ̀, ẹ dè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tó ń jò nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi páálí wá a, ẹ má fi ọwọ́ rá a, agbára epo yẹn lè gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn nìyẹn lójú ẹsẹ̀ kódà tí ojú ọgbẹ́ bá kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Tó bá ti dáhùn, géèjì ọ́ìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tí ò bá gbéra kíákíá, ẹ pa á. Tó bá gbéra, ẹ má jẹ́ kó máa dún lórí ìdúró fún wákàtí méjì bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa yí ní nǹkan bí ìgbà 1,200 sí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan kó gbóná, ẹ wo gbogbo ibi tó lè jò, kẹ́ ẹ gbé e jáde. Ríìngì tuntun nílò ẹrù díẹ̀ kó tó lè jókòó sí sílíńdà. Ìdajì ẹrù, kẹ́ ẹ máa yí ìyára padà, kò gbọdọ̀ máa fà gòkè pẹ̀lú gíà tó ga jù. Tẹ́ ẹ bá kàn ń jẹ́ kó máa dún lórí ìdúró, sílíńdà á dán, ríìngì ò ní jókòó láé, á sì máa jẹ ọ́ìlì títí. Ní kìlómítà 500 ẹ yí ọ́ìlì àti fíltà, kẹ́ ẹ tún gé fíltà yẹn wò. Tí ìwé irú bọ́ọ̀tù orí ẹ́ńjìnnì yín bá ní kẹ́ ẹ tún un dè, ẹ ṣe é, lẹ́yìn náà ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n.

Kó má bàa tún kú

Fíltà afẹ́fẹ́ 911 àtijọ́ tó ń lo ọ́ìlì nísàlẹ̀ abọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wà ní ibi òkúta tàbí ibi yanrìn, ojoojúmọ́ lẹ máa ṣí i. Tí erùpẹ̀ bá ti nípọn nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da ọ́ìlì tuntun dé ojú ìlà, ẹ má kọjá ìlà. Ọ́ìlì tó bá kọjá ìlà, ẹ́ńjìnnì máa fà á wọlé, á fi ṣe epo, ibẹ̀ ni sísá lọ ti máa ń wá. Họ́ọ̀sì rọ́bà yẹn, ẹ máa tú u ní oṣù oṣù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ki ìka yín wọ páìpù tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìka yín gbọ́dọ̀ jáde ní mímọ́.

Ẹ má yọ thermostat, èyí tó ń dá omi radiétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ní "ilẹ̀ wa gbóná", àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láìgbóná tó máa ń jẹ sílíńdà ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì tí ò jóná tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà wọ ìsàlẹ̀. Tó bá ń gbóná jù, radiétọ̀, bẹ́líìtì tàbí pọ́ǹpù omi ló ní àìsàn, ẹ lọ tọ́jú ìyẹn.

Dísẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá rà nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á, ẹ má da ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ máa ṣí ìdí táǹkì láàárọ̀ kí omi jáde, ife kan péré ti tó. Ọ́ìlì, kìlómítà 5,000 ni tèmi. Típà tó ń dúró pẹ́ lórí laìnì nígbà tí wọ́n ń kó yanrìn sí i láìpa ẹ́ńjìnnì, kìlómítà ò sọ òótọ́ nípa ẹ̀, wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kà, ní 250 wákàtí ẹ yí i.

Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́yìn síìtì, mo ń kọ iye ọ́ìlì tí mò ń fi kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń gba ìdajì lítà tó wá gba lítà kan, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń ṣí fíltà àti họ́ọ̀sì wò, kí èéfín tó jáde lẹ́yìn ọkọ̀.